Ihò mẹ́ta ti kéré jù láti fi yan ìwọ̀n ẹ̀tù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń di ọta tí mo fi ń yìnbọn sí tágẹ́ẹ̀tì. Mo di ìwọ̀n ẹ̀tù oríṣiríṣi, mo wá ń yìn wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta ní 100 mítà, ọ̀kan nínú wọn wá dáa gan-an, ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọnú ara wọn. Mo di púpọ̀ sí i, àmọ́ nígbà tí mo padà lọ yìn ín, gbogbo ẹ̀ ti fọ́n ká. Ṣé kí n pààrọ̀ ẹ̀tù ni àbí ìbọn yìí ló ti bàjẹ́?

ÌDÁHÙN: Má tíì pààrọ̀ nǹkan kan o, àbúrò mi. Ọta mẹ́ta yẹn ló kéré jù. Tó o bá dán ìwọ̀n mẹ́wàá wò ní mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀kan á ṣáà dáa ju àwọn tó kù lọ, kódà kó jẹ́ pé ìwọ̀n kan náà lo dì sínú gbogbo wọn, oríire lásán nìyẹn. Jẹ́ ká sọ pé ihò ọta 3 máa ń fẹ̀ tó mílímítà 15 ní ìpíndọ́gba, ìbọn yẹn náà, ọta yẹn náà, tó o bá yin 10 sójú kan, á fẹ̀ tó nǹkan bíi 24, kò sì sóhun tó bàjẹ́. Torí náà yin 10 fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, tó o bá fẹ́ fi ọ̀kan wé èkejì. Ó máa jẹ ọta, mo mọ̀, àmọ́ mẹ́ta-mẹ́ta yẹn ló ń fi ọta ṣòfò jù.

Ohun tí mo fẹ́ kó o gbájú mọ́ ni kí ọta kọ̀ọ̀kan jọ ìkejì ẹ̀. Kéèsì (kòròfo idẹ tí ẹ̀tù ń wà nínú ẹ̀) ilé iṣẹ́ kan náà, tí wọ́n ti yìn ní iye ìgbà kan náà, tí ọrùn wọn ń di orí ọta, èyí tó ń fò jáde, mú bákan náà. Fi síkéèlì wọn ẹ̀tù níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o wá dán bí orí ọta ṣe jìn tó nínú kéèsì wò, díẹ̀díẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti sábà máa ń rí ìyàtọ̀ gidi. Tó o bá ní chronograph, ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta, lò ó, àmọ́ má retí pé ìyàtọ̀ eré á hàn púpọ̀ ní 100 mítà, ọ̀nà jíjìn bíi 800 ló ti ń hàn, èyí tí kò yá á máa bọ́ sísàlẹ̀.

Èyí tí mi ò ní gbà kó o fojú di: ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù yẹn ni kó o tẹ̀ lé, bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tó kéré jù níbẹ̀, tó o bá sì pààrọ̀ práímà (èyí tó wà nídìí kéèsì tó ń ṣáná sí ẹ̀tù), kéèsì tàbí orí ọta, tàbí tó o ra ike ẹ̀tù tuntun tí nọ́ńbà ẹ̀ yàtọ̀, padà sísàlẹ̀ kó o tún bẹ̀rẹ̀. Tí orí ọta bá lọ kan ìlà tó wà nínú ọ̀pá ìbọn, níwájú ibi tí ọta ń jókòó sí, agbára inú ẹ̀ máa ń ga sí i. Tí bóòtì, irin tó ń ti ẹ̀yìn ọta pa, bá ń le láti ṣí, tàbí práímà tẹ́ pẹrẹsẹ, dúró níbẹ̀, má yin èyí tó kù.

Ní ti ìbọn yẹn, yẹ ṣúrúù tó di síkópù (awò tó o fi ń wo tágẹ́ẹ̀tì) mú wò, àti èyí tó so ìbọn mọ́ igi ìdí ẹ̀, kó o tó lọ yin 10 yẹn.