Ta ni yóò kọ́ ọmọ mi ní gángan ní Leeds?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá tá a jọ wà lókè òkun, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Leeds là ń gbé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, rí onílù kan tó ń lu gángan níbi ìgbéyàwó àbúrò mi. Látìgbà yẹn, kò jẹ́ ká gbádùn: àfi kó kọ́ ọ. Olùkọ́ tí mo rí nítòsí, djembe ló ń kọ́ni. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń fèsì. Ẹ̀rù tún ń ba bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n má lọ mú un wọnú ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Báwo lẹ ṣe rí olùkọ́ fún tiyín?

Ìyá wa, ẹ kú làálàá. Lọ́ńdọ̀nù lèmi wà, ọmọbìnrin mi ló ń kọ́ gángan. Djembe kò burú, ìlù àwọn ará Mali àti Guinea ni. Àmọ́ kò ní ọ̀ṣán téèyàn ń fi abíyá fún kí ohùn lè lọ sókè sódò, ohun tó sì wu ọmọ yín gan-an nìyẹn.

Òde ìnáwó ni kẹ́ ẹ ti wá olùkọ́, àti àwọn ìjọ Kérúbù òun Sẹ́lẹ́. Ẹ má wulẹ̀ bi onílù bóyá ó lè kọ́ ọmọ, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé òun ò lè ṣe é. Ọmọ ta ló ti kọ́ rí ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ sì bá ìyá ọmọ ọ̀hún sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n bí sídìí ìlù, wíwò ló fi mọ̀ ọ́n lù. Ó lè má mọ bó ṣe máa là á yé ọmọ tó ń rí ní wákàtí kan lọ́sẹ̀.

Bí mo ṣe ń dán olùkọ́ wò rèé: ṣé ó ń jẹ́ kí ọmọ fẹnu sọ ọ̀rọ̀ náà kó tó fi ìlù sọ ọ́? Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ inú ọ̀rọ̀ ni gángan ń gbé jáde. Ọmọ tí kò lè pe oríkì ara rẹ̀ dáadáa, kí ni kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ fẹ́ wí? Àjàní àti Àkànní, bákan náà ni wọ́n ń dún lórí ìlù, ìdí nìyẹn tónílù fi máa ń so gbólóhùn gígùn mọ́ orúkọ kéèyàn tó mọ ẹni tó ń kì. Olùkọ́ tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ka iye fún ọmọ mi, kò ní gbowó oṣù kejì lọ́wọ́ mi.

Ó lè ní kí ọmọ kọ́kọ́ máa fi ìlù kéékèèké bíi gúdúgúdú tàbí kànnàngó gbè ná. Ẹ má jẹ́ kíyẹn bí yín nínú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé náà nìyẹn.

Bẹ́ ò bá rí ẹnikẹ́ni, ẹ lè wá onílù Ọ̀yọ́ kan lórí Zoom. Wọn ò lè jọ lù ú pọ̀ o, torí ohùn máa ń pẹ́ kó tó dé. Kí olùkọ́ lù ú tán, kí ọmọ wá tẹ̀lé e. Nígbà ooru níbí, aago yín àti ti Nàìjíríà dọ́gba. Nígbà òtútù, tiwọn fi wákàtí kan ṣáájú.

Ní ti bàbá, lóòótọ́ làwọn ìdílé onílù kan ń bọ Àyàn, òrìṣà ìlù. Àmọ́ Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn onídùndún, wọ́n sì ń lu ìlù kan náà yìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kí bàbá fúnra rẹ̀ bi olùkọ́ léèrè ohun tó fẹ́ kọ́ ọmọ.

Ẹ ní kí olùkọ́ fi ìwé DBS rẹ̀ hàn yín, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn bóyá èèyàn ti dá ọ̀ràn rí, kẹ́ ẹ sì jókòó tì wọ́n. Èyí tí kò bá fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Bẹ́ ẹ bá sì ra ìlù, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Awọ ni, yóò gbẹ, yóò sì ya.