Kánsù ní àwọn olè wọ kọ̀ǹpútà àwọn, àdírẹ́sì mi sì wà níbẹ̀: kí ni òfin lè ṣe fún mi?

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ o, lọ́yà. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì níbí ni mò ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá kánsù wa kọ lẹ́tà sí mi pé àwọn kan já wọ kọ̀ǹpútà àwọn, pé wọ́n kó fáìlì àwọn tó ń gba ilé àti owó ìrànwọ́ lọ, àti pé ó ṣeé ṣe kí tèmi wà níbẹ̀. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mi wà nínú fáìlì yẹn, nọ́ńbà báǹkì mi náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àlàyé tí mo ṣe nígbà tí mo sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ mi àtijọ́ tó máa ń lù mí, àti àdírẹ́sì tuntun tí kò mọ̀. Mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kọ́ńpìnnì kan tó máa bá wa gba owó, àbúrò mi ní kí n dákẹ́ torí físà, pé kí n má bá ìjọba jà nílùú onílùú. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ ká fi ti físà ṣáájú torí òun ló ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn wa lẹ́nu mọ́. Òfin tó ń dáàbò bo dátà níbí, ìyẹn UK GDPR àti Data Protection Act 2018, kò béèrè ọmọ ìlú ibi tí ẹ ti wá. Ẹni tó bá ṣáà ti wà láàyè tí dátà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀sùn tí ẹ fi kan kánsù kò sọ yín di ọ̀tá ìjọba, kò sì sí ohun tó ní kí físà yín bà jẹ́ torí pé ẹ béèrè ohun tó jẹ́ tiyín.

Kó tó wá di ọ̀rọ̀ owó rárá, ààbò yín ni. Tí ọkùnrin yẹn bá lè fi nǹkan tó jò yìí mọ ibi tí ẹ wà, ẹ má dúró de ẹjọ́ kankan, ẹ pe ọlọ́pàá lórí 101 kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, tó bá sì jẹ́ pé ẹ ti rí i ládùúgbò, 999 ni kí ẹ pè. Ẹ tún kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń rí sí ilé ní kánsù, ẹ sọ fún wọn gbangba pé ilé yìí ò fọkàn yín balẹ̀ mọ́ àti ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ èyí, ó sì dùn mí: Housing Act 1996 gbà pé èèyàn lè ní òrùlé lórí kí òfin ṣì kà á sí aláìnílé, tó bá jẹ́ pé tó bá ń gbé ibẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ tún bá a níbẹ̀, Domestic Abuse Act 2021 sì ti fi àwọn tí irú ìyà bẹ́ẹ̀ sọ di aláìnílé sára àwọn tí kánsù gbọ́dọ̀ kà sí pàtàkì tó bá dọ̀rọ̀ ilé. Ẹ lè lọ sí kánsù míì pàápàá tí ẹ ò bá fọkàn tán eléyìí mọ́.

Ó wá kan lẹ́tà yẹn. Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń rí nínú irú lẹ́tà báyìí, pé àwọn ò tíì rí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ti lo dátà náà nílòkulò. Ẹ fara balẹ̀ kà á, kò sọ pé ẹnikẹ́ni ò lò ó o, ohun tó sọ ni pé kánsù ò tíì rí i. "Ó ṣeé ṣe kí tiyín wà níbẹ̀" náà ò tó. Níbi tí ewu bá ti pọ̀, òfin ní kí wọ́n sọ fún yín láìfi falẹ̀, ní èdè tó yé èèyàn, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó lè tìdí ẹ̀ jáde, ohun tí wọ́n ń ṣe sí i àti ẹni tí ẹ lè pè. Torí náà ẹ kọ ímeèlì sí ọ̀gá tó ń mójú tó dátà ní kánsù, DPO ni wọ́n ń pè é, ẹ bi í pé nínú fáìlì tèmi, èwo gan-an ló jáde, ṣé àdírẹ́sì mi wà níbẹ̀, ṣé ìwé tí mo kọ nípa ọkọ mi wà níbẹ̀. Nínú ímeèlì kan náà, ẹ béèrè gbogbo ohun tí wọ́n ní nípa yín, ìyẹn làwọn lọ́yà ń pè ní SAR, ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan ni òfin fún wọn láti dáhùn, wọ́n lè fi oṣù méjì kún un tí ọ̀rọ̀ náà bá díjú.

Ẹ tún lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Cifas, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì, nítorí pásípọ́ọ̀tù yẹn, kó máa le fún ẹlòmíì láti fi orúkọ yín yáwó, kí ẹ sì sọ fún báǹkì yín.

Tí kánsù ò bá dá yín lóhùn tó tẹ́ yín lọ́rùn, ICO ló kàn, àwọn ni wọ́n ń mójú tó òfin dátà. Wákàtí 72 ni kánsù ní láti fi irú nǹkan báyìí tó wọn létí lẹ́yìn tó bá ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má retí kọ́bọ̀ lọ́dọ̀ ICO, wọn ò lágbára láti ní kí ẹnikẹ́ni sanwó gbà-má-bínú fún yín. Ẹ wo ti kánsù Hackney ní London, oṣù kẹwàá 2020 ni àwọn olè wọ kọ̀ǹpútà wọn, fáìlì 440,000 ni wọ́n tì mọ́ wọn lọ́wọ́, ó kéré tán ó kan èèyàn 280,000, ó di oṣù keje 2024 kí ICO tó gbé ìpinnu jáde, ìbáwí nìkan sì ni, kò sí owó ìtanràn. Ó bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú, mo mọ̀. Síbẹ̀ ìbáwí yẹn kì í ṣe ìwé lásán, torí ICO kọ ọ́ síbẹ̀ pé kánsù ò fi àtúnṣe ààbò sórí gbogbo ẹ̀rọ wọn, pé password tí kò lágbára wà lórí àkáǹtì kan tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, ibẹ̀ sì làwọn olè gbà wọlé. Irú nǹkan tí lọ́yà máa gbé wá síwájú adájọ́ nìyẹn, nítorí pé olè wọlé nìkan ò tó láti dá kánsù lẹ́bi, àfi tí ó bá hàn pé wọn ò tì ilẹ̀kùn bó ṣe yẹ.

Kóòtù ló lè ní kí wọ́n sanwó fún yín. Òfin gbà kí èèyàn gbowó lórí ohun tó ná, bí owó pàrọ̀ kọ́kọ́rọ́ àti owó kó kúrò nílé, ó sì gbà á lórí ìdààmú ọkàn náà, kò di dandan kí olè kankan ti ná owó yín. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé nǹkan náà kàn yín. Lọ́dún 2021 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ nínú ẹjọ́ tí wọ́n bá Google ṣe, lábẹ́ òfin dátà àtijọ́, pé èèyàn ò lè gbowó kìkì torí pé dátà rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìfi ìpalára kankan hàn. Lọ́dún 2025 Court of Appeal, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wá tún gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọlọ́pàá Sussex tí wọ́n fi ìwé owó ìfẹ̀yìntì wọn ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí kì í ṣe tiwọn mọ́, àwọn adájọ́ ní kò pọn dandan kó jẹ́ pé ẹnì kan ti ṣí àpò ìwé náà kà, àti pé ẹ̀rù tó ń bà wọ́n lè mú owó wá tí ìdí gidi bá wà fún un. Ẹ̀gbọ́n mi, ìdí gidi wà fún tiyín, ẹni tó ń lù yín tẹ́lẹ̀ ń bẹ láyé.

Ti kọ́ńpìnnì yẹn, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá ní ẹ ò ní sanwó tí ẹ ò bá borí, ẹ béèrè èló ni wọ́n máa yọ tí ẹ bá borí, àti ta ló máa san owó ìnṣọ́ránsì ẹjọ́, èyí tó ń bo owó lọ́yà ẹnì kejì tí ẹ bá pàdánù, torí nínú irú ẹjọ́ yìí inú owó yín ni méjèèjì ti sábà máa ń jáde. Ẹjọ́ kan wáyé ní 2021, ilé iṣẹ́ tó ń fún èèyàn nílé gbé fi àkọsílẹ̀ owó ilé obìnrin kan ránṣẹ́ sí ẹlòmíì nínú ímeèlì, owó tí obìnrin náà ń béèrè kò ju £3,000 lọ, owó lọ́yà sì ti ń lọ sí £50,000 ó lé, adájọ́ ní kí wọ́n gbé e lọ sí county court, ìyẹn kóòtù tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹjọ́ tí owó rẹ̀ ò ju £10,000 sábà máa ń lọ sí small claims níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀ka ẹjọ́ owó kékeré, ibẹ̀ ẹni tó bá pàdánù kì í sábà san owó lọ́yà ẹnì kejì, owó fọ́ọ̀mù sì lè dín kù fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré. Ọdún mẹ́fà ni ẹ ní láti pe ẹjọ́ lórí òfin dátà, ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi Human Rights Act, òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kún un, ìyẹn ni mi ò fi fẹ́ kí ẹ sùn lé e.

Ẹ ra ìwé exercise kan lónìí. Obìnrin kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí gbé irú ẹ̀ wá, ó ti ká létí, gbogbo ọjọ́ ló kọ síbẹ̀: aago méjì òru, mo dìde lọ yẹ ilẹ̀kùn wò, Tuesday, mi ò lè lọ síbi iṣẹ́, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè lẹ́ẹ̀mẹta, mo pe kánsù, wọ́n ní kí n dúró, ìṣẹ́jú 40. Ìwé yẹn ló ṣiṣẹ́ ju gbogbo ohun tí èmi kọ lọ. Ẹ lọ sọ fún dókítà yín náà pé ẹ ò rí oorun sùn, kó wà lákọsílẹ̀.

Tí èsì kánsù bá ti dé, ẹ mú un wá pẹ̀lú lẹ́tà àkọ́kọ́ ká lè jọ wò ó. Ẹ má kọ àdírẹ́sì tuntun yín sínú ímeèlì tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí mi o, nọ́ńbà fóònù tí ọkàn yín balẹ̀ láti gbé ti tó.