Ẹ má ṣe àwo kejì yín níbi tí wọ́n ti ń ka wákàtí

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní ẹ̀yin mẹ́ta lẹ jọ ń ṣe hip-hop, pé àwo yín àkọ́kọ́ kò tà, àti pé ẹni tó ni sítúdíò ní kí ẹ san owó ọjọ́ mẹ́wàá sílẹ̀, kí ẹ fi parí ìkejì wéréwéré. Ẹ má san án. Mo ti san irú owó yẹn rí.

Lọ́dún 2004 ni, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì, ní Mushin. Wákàtí wákàtí la fi ń sanwó. Aago kan wà lára ògiri, lókè orí ẹni tó ń gba ohùn wa sílẹ̀. Aago yẹn ni mò ń wò, n kò wo ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ sí. Ẹni tó bá ṣìṣe ń kánjú tún un ṣe, gbogbo wa sì ń pariwo látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyá mi gbọ́ àwo náà, kò dá ohùn mi mọ̀.

Ohun tó là wá lójú ni ìtàn àwọn Fugees, ẹgbẹ́ hip-hop ẹlẹ́ni mẹ́ta ní Amẹ́ríkà: Lauryn Hill, Wyclef Jean àti Pras. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1994, kò lọ jìnnà. Lọ wá a gbọ́, wàá rí i pé igbe pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó wá kan ìkejì, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde yọ dọ́là 135,000 fún wọn. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi rà. Wọ́n tò ó sí yàrá abẹ́ ilé àwọn ẹbí Wyclef ní East Orange, ní New Jersey, wọ́n pè é ní Booga Basement, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan lọ́dún 1995. Inú yàrá yẹn ni àwo wọn kejì, The Score, ti wá, ó sì jáde ní oṣù kejì ọdún 1996. Ó dé ipò kìíní lórí Billboard, àtẹ àwọn àwo tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà, ó sì gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo ráàpù tó dára jù lọ. Tẹ́tí sí ìbẹ̀rẹ̀ Killing Me Softly, orin kan nínú àwo náà: ohùn Lauryn ti ń lọ kí ìlù tó bá a. Kò sí ẹni tó ń lé e.

Àwa kò ní dọ́là kankan. Pálọ̀ ìyá ọ̀rẹ́ mi la lò lọ́dún 2006, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àlòkù kan àti máìkì kan. A gbé fóòmù bẹ́ẹ̀dì dí fèrèsé, a pa fáànù. A kò lè tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ariwo rẹ̀, nítorí náà iná NEPA la máa ń dúró dè, ó sì lè di aago méjì òru kó tó dé. Òógùn ń kán sórí ìwé títí tí íǹkì fi ń ràn. Nínú wa, ẹnì kan wà tí kì í sọ̀rọ̀ sókè. Ní sítúdíò àkọ́kọ́, wọ́n ní kó máa pariwo. Ní pálọ̀ yẹn, lóru ọjọ́ kan, ó tún ìlà mẹ́rin ṣe lẹ́ẹ̀mọkànlá, ó wá sọ wọ́n bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ létí. Gbogbo wa dákẹ́. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé a ti ní àwo.

Ṣùgbọ́n a gé ohùn gìtá kan láti inú orin háíláìfù àtijọ́, a kò gbàṣẹ. Ẹgbẹ̀rún kan CD la ti tẹ̀ kí àwọn ọmọ olórin náà tó wá bá wa. Ẹni tó ń bá wa tà á kó gbogbo rẹ̀ padà. Ó ṣẹlẹ̀ sáwọn Fugees náà: wọ́n lo orin Enya, obìnrin olórin ará Ireland, nínú orin wọn Ready or Not láìbèèrè, díẹ̀ ló kù kó pè wọ́n lẹ́jọ́ kí wọ́n tó yanjú rẹ̀, kí wọ́n sì lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ara àwo. Ilé-iṣẹ́ ńlá wà lẹ́yìn wọn. Kò sẹ́ni tó wà lẹ́yìn wa.

Èyí tó dùn mí jù ni ti owó. Ìwọ̀nba tó wọlé, a kò mọ bí a ṣe máa pín in, nítorí pé a kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó sọ ìlà mẹ́rin yẹn, ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí a ti gbúròó ara wa kẹ́yìn.

Ojú ìwé kan tó. Kọ orúkọ orin, ẹni tó ṣe bíìtì, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, orin olórin tó bá wà nínú rẹ̀, àti iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà. Kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá gba orin náà sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó lọ sílé.