Gba ìwé rẹ lọ́wọ́ wọn kí o tó ronú mọ́tò

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Mo ka ohun tí o kọ, pé ọdún mẹ́fà lo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó dá ọ dúró lóṣù tó kọjá, pé ìyàwó rẹ kò tíì mọ̀, pé o ṣì ń múra jáde láràárọ̀ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì títí ilẹ̀ á fi ṣú. O wá ń béèrè bóyá kí o gba nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ, kí o fi san owó ìṣáájú mọ́tò tí wàá máa fi ṣe Bolt. Màá dé ibi mọ́tò yẹn. Ọ̀rọ̀ kan tí o sọ gbà kọjá ló bà mí lẹ́rù jù: o ní HR yín ní kí ẹ lọ fọkàn balẹ̀, pé ìwé yín ń bọ̀. Ìwé wo ló ń bọ̀? Ta ni yóò gbé e wá?

Iléeṣẹ́ kan lọ́nà Ṣàngó Ọ̀tà lèmi ti ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka ìṣirò owó. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá wa dúró, kí a má baà rí ibi padà wá bínú lọ́jọ́ kejì. Wọ́n kó wa jọ, wọ́n ní ọjà ò tà, wọ́n gba káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ wa, wọ́n ní ìwé wa ń bọ̀. Nígbà tí n kò rí ìwé, mo padà lọ. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì, tí mo máa ń bu oúnjẹ fún lọ́sàn-án, ní, "Ìyá, ẹ má bínú, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ wọlé." Ilẹ̀ ló ń wò. N kò bá a bínú, owó oṣù tiẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Àwọn tí fèrèsé ọ́fíìsì wọn kọjú sí géètì, tí wọ́n ń rí mi nínú oòrùn tí wọ́n ń fa kọ́tìnì, àwọn yẹn ni mo ń bá bínú.

Èyí tó dùn mí jù kò tíì dé. Òfin ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 là á kalẹ̀ pé ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ ni wọ́n á máa yọ, iléeṣẹ́ á fi ìdá 10 kún un, wọn á sì fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá ti sanwó fún ọ. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí kò rí iṣẹ́ mìíràn, lè gba ohun tí kò ju ìdá 25 nínú 100 lọ nínú owó tó wà ní àkáǹtì rẹ̀, bí PenCom, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso owó ìfẹ̀yìntì, bá fọwọ́ sí i. Èmi náà fara da oṣù mẹ́rin mi. Mo dé ọ́fíìsì PFA mi, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì mi, ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì tẹ sítétímẹ́ǹtì jáde, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó ní, "Mummy, owó yín ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ o." Mo wo ìlà tó gbẹ̀yìn. Láti nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú ìgbà tí wọ́n dá wa dúró ni owó kò ti wọlé mọ́. Payslip mi sì rèé nínú báàgì, lóṣooṣù ni wọ́n kọ "Pension" síbẹ̀, lóṣooṣù ni wọ́n ń yọ ọ́. Mo ní, owó mi dà? Ó ní kí n lọ bi iléeṣẹ́ mi. Iléeṣẹ́ tí n kò lè gba géètì rẹ̀ kọjá! Ọ̀gá ọmọbìnrin náà jáde sí mi, ó tún tàì rẹ̀ ṣe, ó ní kí n ṣáà ní sùúrù. Ẹni tí owó oṣù ń wọlé fún mọ sùúrù í wàásù. Gbogbo ìgbà tí owó kò fi wọlé, wọ́n ń rí i lórí kọ̀ǹpútà wọn, kò sẹ́ni tó pè mí.

Mo kọ̀wé sí PenCom, mo so ẹ̀dà àwọn payslip náà mọ́ ọn. Iléeṣẹ́ tó bá yọ owó tí kò fi ránṣẹ́, òfin ní kó san ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 2 nínú 100 owó tó jẹ, lóṣù kọ̀ọ̀kan, PenCom sì ní àwọn tí wọ́n yàn láti máa gba irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ lónìí, tí mo bá fi máa pè é padà, wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni owó náà ń yọjú, kò sì tíì pé bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí kì í bá ṣe ti payslip yẹn, ẹ̀rí wo ni mo ní? Nítorí náà, tí email iléeṣẹ́ rẹ bá ṣì ń ṣí, wọ ibẹ̀ lónìí, kó gbogbo payslip rẹ, lẹ́tà tí wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́ àti èyí tí wọ́n fi fìdí iṣẹ́ rẹ múlẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìwé wá pé kí o fọwọ́ sí i pé ìwọ lo fúnra rẹ fiṣẹ́ sílẹ̀, má fọwọ́ sí i. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń jẹ owó ìdádúró mọ́ èèyàn lọ́wọ́ nìyẹn.

Èyí kò kàn ọ́, ṣùgbọ́n kí ìyàwó rẹ gbọ́: orúkọ bàbá mi ni mo fi ṣí àkáǹtì ìfẹ̀yìntì, orúkọ ọkọ mi ló wà lórí NIN. Ìwé ìbúra nílé ẹjọ́, ìpolówó inú ìwé ìròyìn, ìwé ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n béèrè kí wọ́n tó gbà pé èmi ni mo jẹ́ èmi.

Ọdún mẹ́fà tí o lò, òfin iṣẹ́ ní kí wọ́n fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìkìlọ̀ oṣù kan, tàbí kí wọ́n san owó oṣù kan dípò rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìwọ náà wà lára àwọn ọ̀gá, ohun tí ìwé àdéhùn rẹ sọ ni kí o wò. Bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín sọ̀rọ̀ bí ẹ bá ní. Ìyókù o mọ̀ ọ́n: dín ìnáwó kù, lọ bá ilé ìwé àwọn ọmọ kí owó tó tó san, jẹ́ kí àwọn tí ẹ jọ kàwé mọ̀ pé o ń wáṣẹ́. Ẹni tó bá ní kí o sanwó kí òun tó fún ọ níṣẹ́, jìbìtì ni.

Ti ìyàwó rẹ, sọ fún un lálẹ́ òní. Ó ti fura. Obìnrin tó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ mọ bí ọrùn rẹ̀ ṣe máa ń dọ̀tí tó nígbà tí o ń wọkọ̀ lọ síṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, owó àjọ ọkọ mi ló san owó ilé ìwé sáà yẹn, kì bá tí kó o bí n kò bá sọ. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n dá wa dúró pọ̀ kò sọ nílé ní tiẹ̀. Áàpù ẹ̀yáwó ló lọ bá kí ilé má baà mọ̀. Nígbà tí kò rí owó dá padà, wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà orí fóònù rẹ̀, wọ́n pè é ní olè. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Má sún mọ́ áàpù wọ̀nyẹn.

Ó dáa, mọ́tò. Rárá ni tèmi. O kò tíì lè fọwọ́ kan owó yẹn láìjẹ́ pé oṣù mẹ́rin pé, tó bá sì pé, ìdá 25 owó ọdún mẹ́fà lè má tó owó ìṣáájú rárá. Onímọ́tò á máa retí owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bóyá o rí èrò tàbí o kò rí, ẹ̀rọ á bàjẹ́, iye tí a ń ra epo láti 2023 kì í sì í ṣe iye tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ awakọ̀ ló wù ọ́, kọ́kọ́ bá ẹni tó ní mọ́tò wà á ná, kí o mọ ohun tó ń kù lọ́wọ́ lópin ọ̀sẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, lọ gba sítétímẹ́ǹtì rẹ ní PFA, wo ọjọ́ tí owó wọlé kẹ́yìn, kí o kọ ọ́ síbí kí a jọ wò ó. Má ya fọ́tò rẹ̀ síbí o, nọ́ńbà PEN rẹ, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ, wà lórí rẹ̀.