Ṣé òótọ́ ni pé ẹrú ló kọ́ yunifásítì tí ọmọ wa ń lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọlémọlé ni mí ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọmọ àbúrò mi tó ń kàwé ní University of Virginia ní Amẹ́ríkà ló fi fídíò ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ó ní gbogbo bíríkì pupa tí à ń wò yẹn, ẹrú ló ṣe é. Ìyá wa wò ó títí, wọ́n ní kó kúrò níbẹ̀ kíá, pé ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wa ló wà nínú ògiri yẹn. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ará Kétu wà lára wọn?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, òótọ́ ni. Bá mi kí ìyá, ohun tí wọ́n sọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù lásán.

Thomas Jefferson, tó ti ṣe olórí Amẹ́ríkà rí, ló dá iléèwé yẹn sílẹ̀. Òun kan náà ló kọ ọ́ sínú ìwé pé ọgbọọgba ni wọ́n dá gbogbo èèyàn, àwọn tó sì kó lẹ́rú láyé ẹ̀ lé ní 600. Ọdún 1817 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé yẹn, 1825 ni akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Ìwọ tó jẹ́ mọlémọlé, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ, amọ̀ kì í dédé di bíríkì. Ẹnì kan ló wà á, ẹnì kan ló fẹsẹ̀ po ó, ló tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí pákó, ló sá a sóòrùn tó ń yí i padà kó má baà sán, ló tò ó jọ, ló koná sí i, tó sì jókòó tì í lóru kí iná má kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ńṣe ni iléèwé háyà wọn lọ́wọ́ olówó wọn, tó bá wá di ọjọ́ owó, olówó wọn ni wọ́n ń kà á fún.

Nígbà tí ilé parí ńkọ́? Ibẹ̀ ló ń dùn mí jù, torí àwọn èèyàn rò pé ilé kíkọ́ nìkan ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jí, àwọn ẹrú ti pọnmi, wọ́n ti la igi, wọ́n ti dáná, wọ́n á gbá yàrá, wọ́n á da ìtọ̀ nù, wọ́n á fọṣọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn sì ń lù wọ́n. Bí wọ́n ṣe ṣírò ẹ̀, wọ́n tó bíi 4,000 láti 1817 títí di 1865.

Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan. Yunifásítì Georgetown ní Washington, gbèsè ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ni àwọn fadá Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní Jesuit, tó ni iléèwé náà, bá ta ẹrú wọn 272 sí Louisiana ní 1838, tọmọdé tàgbà, ní $115,000, apá kan owó ọ̀hún ni wọ́n fi san gbèsè. Isaac Hawkins ni orúkọ àkọ́kọ́ nínú ìwé títà yẹn. Ní 2017, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀ rọ́pò orúkọ fadá Mulledy, tó ṣètò títà náà, lára ilé kan.

Ti Kétu, mi ò ní tàn ẹ́. Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun ní 1808, nítorí náà ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó sun bíríkì yẹn, Virginia ni wọ́n bí wọn sí. Nínú àwọn babańlá wọn, Ìgbò pọ̀, àwọn ará Senegambia àti Angola náà pọ̀. Àwọn tiwa, Bahia ní Brazil ni wọ́n ń kó wọn lọ jù, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé òrìṣà lọ́hùn-ún fi ń pe ara wọn ní Kétu dòní, ìdí nìyẹn náà tí àwọn Àgùdà, ìyẹn ìran àwọn tó padà dé láti Brazil, fi wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, tí mọ́ṣáláṣí ńlá wa fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Àwọn tí ogun Dàhòmì kó ní Kétu ní 1886, Abọ́mẹ̀, olú ìlú Dàhòmì, ni wọ́n kó wọn lọ, ẹrú ti tán ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Àwọn ọba wa létí òkun náà jẹ nínú owó yẹn o, ó yẹ ká máa sọ ọ́ láàárín ara wa.

Síbẹ̀ ọmọ ò gbọdọ̀ kúrò. Ta ló tún lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó sí kíláàsì yẹn ju ọmọ adúláwọ̀ lọ? Ní 2020 wọ́n kọ́ ohun ìrántí kan síbẹ̀, òkúta tó yípo bí agbo ijó, àmì 4,000 ló wà lára ẹ̀. Orúkọ wà lórí àwọn kan, òmíràn iṣẹ́ ọwọ́ nìkan tàbí ìbátan ni wọ́n rí kọ, èyí tó pọ̀ jù ò ní nǹkankan, ilà kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ sójú òkúta. Ní ẹ̀yìn ògiri ẹ̀, wọ́n gbẹ́ ojú Isabella Gibbons síbẹ̀, ẹrú ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, nígbà tó gba òmìnira ó di tíṣà.

Sọ fún ọmọ yẹn kó lọ síbẹ̀, kó máa ka orúkọ wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kó gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kó fi ránṣẹ́ sí ìyá.