Má tan full light nínú kùrukùru

Àbúrò mi, o ní inú kùrukùru lo wà, wọ́n bí ẹ ní ọkùnrin, ṣùgbọ́n o ò mọ̀ bóyá obìnrin ni ẹ́ lóòótọ́ àbí orí ẹ ló kàn dàrú. O wá ń bèèrè bóyá kí o sọ fún gbogbo ẹbí lẹ́ẹ̀kan náà kí ojú lè là. Èmi ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ń wà lóru nígbà náà, Leeds sí Manchester, lórí márosẹ̀ M62 ní England. Ibi tó ga jù níbẹ̀ fi mítà 372 ga ju ojú òkun lọ, kò sí márosẹ̀ mìíràn ní England tó ga tó o. Ẹni tó wà nísàlẹ̀, àwọsánmà ló ń wò lórí òkè. Èmi tí mo wà nínú ẹ̀, kùrukùru ni. Lóru ọjọ́ kan mi ò rí iwájú mọ́, mo bá tan full light. Funfun báláú! Omi wínníwínní inú afẹ́fẹ́ dá iná náà padà sí mi lójú. Ìgbà tí mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni mo tó rí ìlà títì.

Bí mo ṣe sọ fún ẹbí pé obìnrin ni mí náà nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìyá mi, pásítọ̀, WhatsApp ẹbí, gbogbo wọn ti gbọ́. Ìbéèrè ló padà wá bá mi: láti ìgbà wo? Ta ló ṣe é? Èmi fúnra mi ò tíì ní ìdáhùn. Oṣù mẹ́jọ ni màmá ò fi gbé fóònù mi.

Tó bá jẹ́ ilé lo ṣì wà, tìẹ tún le jù bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 2014 ti Nàìjíríà yẹn, ìgbéyàwó àti ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin ló dárúkọ, ṣùgbọ́n irú wa náà ni wọ́n ń fi dẹ́rù bà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí o sọ fún, ẹni tó mọ àṣírí í pa mọ́.

Ojú kọ́ ló sì máa kọ́kọ́ mọ ẹni tí o jẹ́. Etí márosẹ̀ ní ìlà tó ga díẹ̀. Táyà kàn án báyìí, á máa kùn, ìjókòó á máa gbọ̀n, o ti mọ̀ pé o ti ń yà kúrò lọ́nà. Nígbà tí mo lo họ́móònù obìnrin fún bí oṣù mẹ́ta, dígí ò fi nǹkan kan hàn mí. Bẹ́líìtì ọkọ̀ ló kàn mí láyà, ó dùn mí wọra: kókó kan bí ẹ̀wà ti wà lábẹ́ orí ọmú. Èmi nìkan ni mo ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀.

Kùrukùru náà ní àǹfààní tiẹ̀ o. Gẹ̀ẹ́sì á ti fẹ́ yan he tàbí she. Yorùbá ní “ó,” ó tán. Ìgbà tí màmá wá gbé fóònù, “Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?” ló ní. “Bùrọ̀dá” nìkan ló máa ń gún mi. Ọmọ ìyá mi obìnrin ti yí i sí “Ẹ̀gbọ́n mi” láti ọdún tó kọjá. A ò jókòó sọ ọ́.