Mo lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nílé wọn: ṣé mo jẹ hàráámù?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù àlékún, Àfáà. Kàbà ni mò ń gbé, kajú ni mò ń rà. Mo gba Òkéńè àti Ajàòkúta, mo gun afárá Ìtóbè, mo dé abúlé kan lẹ́bàá Àǹyígbá. Ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù mi kò dé. Ojoojúmọ́ ni awakọ̀ ń sọ pé ọ̀la ni. Bí mo ṣe lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nílé Mùsùlùmí ará Ìgalà kan nìyẹn. N kò gbọ́ Ìgalà, wọn kò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n jáde nínú yàrá wọn fún mi, wọ́n pa adìyẹ. Lọ́jọ́ keje, mo rí ọmọ wọn tó gbé abọ́ òfìfo lọ sílé kejì, ó bu gàárì bọ̀, èmi ni wọ́n sì gbé e fún. Ṣé ohun tí mo jẹ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta kò ti di hàráámù? Ìrun onírákà mẹ́rin tí mo ń dín kù sí méjì nítorí ìrìn-àjò ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Wà àlékúmù sàláámù. Kí Ọlọ́hun fi alubarika sí òwò yín.

Oúnjẹ náà kì í ṣe hàráámù. Nínú hádíìsì Abu Shurayh tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé kí ẹni tó gba Ọlọ́hun àti Ọjọ́ Ìkẹyìn gbọ́ pọ́n àlejò rẹ̀ lé. Ọjọ́ mẹ́ta ni àlejò ṣíṣe. Ohun tó bá lé lórí ìyẹn, sàárà ni. Sàárà wọn ni ẹ jẹ.

Ṣùgbọ́n ibi tó kù nínú hádíìsì yẹn ló kàn yín gan-an. Ó ní kò tọ́ kí Mùsùlùmí máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ ìyá rẹ̀ títí tí yóò fi kó o sínú ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n bi í pé báwo ni yóò ṣe kó o sínú ẹ̀ṣẹ̀? Ó ní yóò jókòó tì í nígbà tí kò ní ohun tí yóò fi ṣe é lálejò mọ́. Àwọn àgbà ní lójú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Abọ́ òfìfo tí ọmọ yẹn gbé kọjá níwájú yín ti sọ ohun tí ẹnu baba rẹ̀ kò lè sọ. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí ẹ dìde, kí ẹ ra ìrẹsì tàbí iṣu wọlé, tàbí kí ẹ wá ibòmíràn sùn.

Ẹ má sọ pé èdè ló dí yín lọ́wọ́. Àwọn ọmọ wa láti ilẹ̀ Okun, agbègbè Kàbà yín, ń kàwé ní yunifásítì Àǹyígbá. Ẹ pe ọ̀kan lórí fóònù kó bá yín tú u. Ọlọ́hun ka ìyàtọ̀ èdè wa mọ́ àwọn àmì Rẹ̀ nínú Súrà Rúùmù, àyà 22, fún àwọn onímọ̀. Ànábì ní kí Zayd ibn Thabit, akọ̀wé rẹ̀, kọ́ ìwé àwọn Júù, kò sì ju bí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tó fi mọ̀ ọ́n. Ìgalà kò tilẹ̀ jìnnà sí wa: omi ni wọ́n ń pe omi, "eji, ẹta" ni wọ́n ń kà. Ó dùn mí pé ẹ lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀ láìgbọ́ ìyẹn.

Ní báyìí, ẹ fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ má pè é ní owó oúnjẹ, nítorí ó lè dójú ti baálé náà. Ẹ ra aṣọ fún ọmọ tó gbé abọ́ yẹn, kí ẹ fi àpò ìrẹsì kan kún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Ìgalà bá yín ṣe àdúà fún wọn lédè wọn.

Ní ti ìrun, nínú mọ́síhábù Màlíkì, ìyẹn ìlànà òfin ẹ̀sìn tí a ń tẹ̀ lé, ẹni tó bá pinnu láti lo odindi ọjọ́ mẹ́rin níbì kan yóò máa kí i pé. Ẹ̀yin kò pinnu bẹ́ẹ̀; ọkọ̀ ni ẹ ń retí lójoojúmọ́. Rákà méjì tí ẹ ń kí ní Àyìlá, Alásàárì àti Ìṣáí dára. Èyí tí ẹ bá kí lẹ́yìn lémọ̀ọ́mù wọn nìkan ni ẹ ó kí pé bíi tirẹ̀. Bí ẹ bá sálámà ní rákà méjì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tún un kí.